Ohùn Tí Elétí Yá Fún Òkú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tí ojú ẹlòmíì rí. Ọ̀rọ̀ òní kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́ síta, kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ òun lè fi kọ́gbọ́n. Ó gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò tíì kọ ọ́ jìnnà tó fi ju bíírò nù. Èmi ni mo wá ń bá a sọ ọ́. Bí mo bá bú u lójú ọ̀nà, ẹ má dá mi lẹ́kun. Mo ti sọ fún un pé màá bú u.

Elétí ni àwọn olórin ń pè é. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ló ń ṣe, pàápàá ti ojú agbo, níbi tí olórin ti ń kọrin fún èrò tí kò sì sí pé ẹ jẹ́ ká tún un gbà. Okùn gìtá kò lè dẹ̀ díẹ̀ kó má mọ̀. Ìyá onílé rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí eèrà méjì bá ń jà lẹ́yìn ògiri, Elétí á sọ èyí tó jẹ̀bi. Wọ́n wí i títí, òun náà wá gbà á gbọ́.

Ohun kan ló kórìíra: ariwo èrò. Ikọ́ o, àga tó ń han o, ẹni tó ń sín o, ìdọ̀tí lorúkọ tó sọ gbogbo wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ orin lè mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Elétí ò jẹ́ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó máa fọ orin bí ẹni ń fọ àwo, á fọ̀ ọ́ tán, á tún un fọ̀.

"Orin tí mo bá gbà," ló máa ń wí, "ẹ ò ní gbọ́ ikọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè é láti gba orin obìnrin kan sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Akọrin náà ti ń gòkè, àwọn èèyàn ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì gbà fún un, bàbá tó bí i lọ́mọ. Ìyá ti kú tipẹ́; bàbá nìkan ni òbí tó kù, káfíńtà ni. Ọjọ́ tí ọmọ pa ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tì tó lọ ń kọrin, bàbá ní, "Mi ò bí olórin." Kò lé e nílé, kò sì gbé e ṣépè, àmọ́ bí orin rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, bàbá á gbé ayùn, á wá pákó tí yóò rẹ́.

Elétí gbé máìkì síwájú akọrin àti àwọn tó ń bá a lù, ó sì kọjú méjì sí èrò. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ìtàgé ló jókòó sí, hẹdifóònù létí. Orin tó gbẹ̀yìn jẹ́ èyí tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ohùn obìnrin náà á fi tín-ín-rín tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Elétí di èémí rẹ̀ mú. Kò fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́.

Àfi bí ohùn àgbàlagbà kan ṣe bú jáde láti ẹ̀yìn pátápátá:

"Ọmọ mi nìyẹn o! Èmi ni mo bí i!"

Àtẹ́wọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Lórí ìtàgé, obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nínú yàrá lẹ́yìn, Elétí gbá tábìlì.

"Ta ló jẹ́ kí baba yìí wọlé? Ó ti bá mi ba ìparí orin jẹ́!"

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ibẹ̀ lágbọ̀ọ́túngbọ́, ó ń wá ojú ibi tí yóò ti gé e. Ohùn náà há díẹ̀, ó sì sán ní ìparí bíi ti ẹni tí ẹkún ti dé ọ̀fun rẹ̀. Elétí gé e kúrò mọ́ tónítóní. Ó yá àtẹ́wọ́ láti inú agbo mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, àfi ẹni tó ni bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n," akọrin náà wí lọ́jọ́ tó wá gbọ́ ọ, "bàbá mi dà?"

"Bàbá rẹ bíi ti báwo?"

"Ẹni tó pariwo níbí yìí. Bàbá mi ni."

"Háà! Mo rò pé ọ̀mùtí kan ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọn ò sọ fún mi pé àwọn ń bọ̀. Nígbà tá a délé, mo ní, 'Bàbá, mo gbọ́ yín o.' Wọ́n ní, 'Ṣé o ti jẹun?' Wọn ò tún un sọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà síbẹ̀."

"Àbúrò, orin ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò tà á. Ṣùgbọ́n ohùn tútù, ìyẹn bí mo ṣe gbà á lójú agbo tí mi ò tíì fọwọ́ kàn án, ó wà nínú háàdì, ibi tí kọ̀ǹpútà mi ń kó ohùn pa mọ́ sí. Kò síbi tó ń lọ."

"Ẹ bá mi pa á mọ́ o. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, màá wá."

"Fọkàn balẹ̀. Ìgbàkígbà tó o bá dé, wàá bá a."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin kan gbé iṣẹ́ kánjúkánjú wá, háàdì sì ti kún. Dípò kó ra òmíràn, ó ní òun á gbálẹ̀ nínú èyí tó wà. Ó ń pa àwọn ohùn tútù àtijọ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orí ti obìnrin yìí. Ó rántí ìlérí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀.

"Ó ti gbàgbé," ló wí fún ara rẹ̀. "Ta ló ń padà wá gbọ́ ariwo èrò?"

Ó tẹ bọ́tìnì, ohùn náà rẹ́.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ bú u. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti wí fún un pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo bi í léèrè bóyá ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ó ní òun ò gbàgbé.

Oṣù mélòó kan kọjá. Akọrin náà wọlé, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ti lọ."

"Áà! Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ṣubú sí. Ká tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́." Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. "Mo ti tú gbogbo ilé. Fọ́tò wà, ohùn ò sí. Fóònù kékeré tí wọ́n fi ń peni nìkan ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ agbo yẹn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo èrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ohùn bàbá mi láyé yìí. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ níbi ìsìnkú."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu Elétí yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Padà wá lọ́la."

Bí obìnrin náà ti jáde ni Elétí sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó wá a títí. Ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tó ti rẹ́ padà. Onítọ̀hún tú háàdì náà wò, ó mi orí. Ìlù ẹgbẹ́ tó kánjú yẹn ti jókòó lé e lórí.

"Sọ fún ọmọbìnrin náà," ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí. "Á sunkún, á bú ẹ, á sì tán."

"Èmi? Kí n sọ pé èmi Elétí pa ohùn rẹ́?"

Ẹ ò rí i bí? Orúkọ ló ń rò. Orúkọ ìnagijẹ lásán!

Nígbà náà ni ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀. Tírélà ni bàbá ń wà kó tó fẹ̀yìn tì, eruku ojú ọ̀nà sì ti mú ohùn rẹ̀ há. Híhá ohùn yìí ni Elétí ń rò bó ṣe ń lọ. Ó bá bàbá lórí àga níwájú ilé, ó mú un wọ yàrá, ó ti fèrèsé.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ gbólóhùn kan sínú máìkì yìí."

"Fún kí ni?"

"Fún eré kan ni. Bàbá kan rí ọmọ rẹ̀ lórí ìtàgé, inú rẹ̀ wá dùn. Ẹ ní, 'Ọmọ mi nìyẹn o! Èmi ni mo bí i!'"

Bàbá sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀.

"Kò dùn létí, Bàbá. Ẹ ṣe é bíi pé ọmọ yín ló wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o kì í ṣe ọmọ mi ni?"

"Ọmọ yín ni mí. Ẹ máa wò mí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́."

Bàbá wò ó, ó wò ó pẹ́. Ó wá pariwo rẹ̀ tọkàntọkàn, ohùn náà sì sán ní ìparí. Ẹyinjú bàbá ti ń pọ́n. Elétí ti dorí kodò, ojú ẹ̀rọ ló ń wò.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó padà sí ibi iṣẹ́. Ó mú kí ohùn náà jìnnà, ó fún un ní ìró gbọ̀ngàn, ó fi ikọ́ sí i, ó fi àga tó ń han sí i. Gbogbo ìdọ̀tí tó ti ń fọ̀ dànù láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ.

Nígbà tí akọrin gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á bá yín dá bàbá tiyín sí."

"Àmín," Elétí wí. Ó yára yíjú sí ẹ̀rọ.

Obìnrin náà tún un gbọ́.

"Ó dà bíi pé ó wúwo ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ."

"Gbọ̀ngàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jìnnà sí máìkì, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Elétí fi sípíkà gbé e jáde níbi ìsìnkú, èrò sunkún. Ẹ̀gbọ́n akọrin náà ọkùnrin, tó ti òkè òkun dé, nìkan ni kò sunkún. Ó fa àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nídìí sípíkà.

"Ṣé Bàbá nìyẹn?"

"Kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Ó jọ wọ́n o. Ara mi ni ò kàn gbà á."

"Ẹ ò sí níbẹ̀! Ìgbà wo lẹ wá wò wọ́n kẹ́yìn? Kí lẹ mọ̀ nípa ohùn wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ẹ̀gbọ́n lára. Wọn ò tíì kó àga nílẹ̀ tó fi gbé àpótí rẹ̀ tó lọ, òun àti àbúrò rẹ̀ ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Elétí ń ká okùn nídìí sípíkà náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká okùn rẹ̀ tán, ó gbé e sọ́kọ̀.

Bó bá mọ síbẹ̀, bóyá à bá fi bò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin náà lọ sórí rédíò. Ó sọ bí bàbá òun ò ṣe gbà kí òun máa kọrin, bó ṣe wá sí agbo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Elétí ṣe bá òun tọ́jú ohùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Elétí láti kí i. Àwọn tí kò gbé iṣẹ́ fún un rí ń gbé e wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń dáhùn? Ó ní, "Iṣẹ́ wa ni." Lára ohun tí mo torí ẹ̀ bú u nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òtítọ́ bá ti Elétí.

Akọrin ti pinnu pé ohùn bàbá òun ni yóò ṣí àwo orin òun tuntun. Ó jókòó sórí àga kúkúrú lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi iṣẹ́ Elétí, ó dé hẹdifóònù, ó ń gbọ́ ohùn náà léraléra, ó ń yan ibi tí orin yóò ti wọlé. Elétí wà nídìí ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá Elétí wọlé tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo ti kú ni?"

Elétí dìde gìrì. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta."

"Síta ṣe kí ni? Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi níwájú ilé, rédíò alájọgbélé wa ń sọ̀rọ̀, ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Wọ́n ní ohùn olóògbé ni! Káfíńtà ni wọ́n pè mí! Èmi tí mo fi tírélà tọ́ yín dàgbà!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lò ń ṣẹ́jú sí mi sí? Ṣé eré tó o ní mo ń ṣe nìyẹn? Ó yẹ kó o sọ fún mi pé òkú ni mo jẹ́ nínú eré náà!"

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, akọrin rí ẹnu bàbá arúgbó kan tó ń mì. Ó rò pé àlejò ni, ó bọ́ hẹdifóònù kó lè kí i. Ohùn tó ń gbọ́ nínú hẹdifóònù kò dúró. Ó ń bá a lọ nínú yàrá, láti ẹnu bàbá náà.

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Bàbá yíjú, ó rí i.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni, ọmọ mi?"

Bí bàbá ṣe pè é lọ́mọ, ṣe ló di ògiri mú.

"Èyí tí ẹ bá wọn sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Bàbá wò ó, ó wo aṣọ dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wá wo ọmọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó là á yé e. Ó ṣí fìlà lórí.

"N ò ní sọ ọ́," ló wí. "Ó ní eré ni. Ọlọ́run gbọ́, eré ló pè é fún mi."

Obìnrin náà kọjú sí Elétí.

"Tòótọ́ dà?"

Elétí na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ti bàbá mi gan-an dà?"

"Mo pa á rẹ́."

"Nígbà wo?"

"Kí wọ́n tó kú. Háàdì ló kún. Mo rò pé o ò ní padà wá mọ́."

"Mo kúnlẹ̀ fún yín," obìnrin náà wí. "Mo torí rẹ̀ bú ẹ̀gbọ́n mi lójú òkú. Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá sunkún, ǹ bá lọ."

Kò gbé ohùn sókè. Ó gbé hẹdifóònù sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jáde. Bàbá Elétí tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni obìnrin náà ń fi ọwọ́ di etí.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá wá kó o. Ìyẹn kọ́ ló dun Elétí jù. Bàbá rẹ̀ ni kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Elétí bá wọlé, bàbá á mi orí. Bó bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ júwe. Ìgbà tó sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tó wí ni pé ẹ̀rù ń ba òun kí ọmọ òun má tún gbé ohùn òun lọ fún òkú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n akọrin náà sì wà lókè òkun níbẹ̀; àbúrò rẹ̀ ń pè é, kò gbé fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Elétí ń kó máìkì rẹ̀ sínú páálí, nítorí ó ti fẹ́ tà wọ́n. Ó gbé ojú sókè, ó rí akọrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un. Elétí ní ó sàn kó gbá òun létí.

"Àbúrò mi, dárí jì mí."

"Mi ò wá fún ìyẹn. Kí ẹ tó fún mi ní nǹkan yẹn, bí mo bá dijú, mo máa ń gbọ́ bàbá mi. Ní báyìí, bí mo bá dijú, bàbá yín ni mo ń gbọ́. Mo ti pa á rẹ́ nínú fóònù mi, kò lọ. Mo lọ dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, lójú ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, bàbá yín náà ni." Ó wọlé díẹ̀. "Ẹ̀yin gbọ́ tòótọ́ lágbọ̀ọ́túngbọ́ kí ẹ tó gé e. Ṣé ẹ rántí rẹ̀?"

Elétí rántí rẹ̀. Ó ní ó wà létí òun ketekete di òní, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Òun nìkan ló tún kù láyé tó ní in.

"Mo rántí," ló wí.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó há díẹ̀. Ó mọ́ ju ti bàbá mi lọ. Bó ṣe ń parí lọ ló ti sán, ó wá fa èémí."

"Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é fún mi."

Elétí nu ẹnu. Ó ń gbọ́ káfíńtà náà nínú orí rẹ̀ bíi pé ó jókòó tì í. Ó la ẹnu, ó wí i: "Ọmọ mi nìyẹn o! Èmi ni mo bí i!" Ohùn tó jáde, ohùn tirẹ̀ ni, ti bàbá rẹ̀ ló sì jọ.

Obìnrin náà ti dijú, ó ń tẹ́tí. Ó lajú.

"Rárá," ló wí. "Bàbá yín náà ni."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó lọ.